Ta Ló Ni Ilé Náà?

Mo ti rí lọ́yà púpọ̀ láyé mi, mo sì ti sin ewúrẹ́ púpọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n fi ọ̀kan nínú wọn ṣọ́ ilé mi, ewúrẹ́ ni màá mú, nítorí ewúrẹ́ máa ń ké bí àjèjì bá wọlé. Lọ́yà tó bá wa ṣe ìwé ilé ní Àbújá kò ké rárá. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó mú bírò, ó sì kọ ilé mi fún ẹlòmíràn lójú mi kòrókòró. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní “ó.” Ọmọ ìlú wa ni, ó kàwé, ó sì dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Gárkì ni ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un tán sí.

Nígbà yẹn, Àbújá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú ni. Ìjọba ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti Èkó díẹ̀díẹ̀, ọkọ mi sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà Wúsè, síméǹtì àti páànù ni mo ń tà. Gbogbo ìlú ló ń kọ́lé, kò sì sí ẹni tó lè fi eruku kọ́lé, nítorí náà ọjà ń yá. Irun mi á funfun fún síméǹtì lọ́sàn-án, màá fọ̀ ọ́ lálẹ́, á tún funfun lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n inú yàrá kan ṣoṣo ní Jíkwòyí ni a ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa. Páànù ilé náà ti jò, onílé sì ní kí a gbé abọ́ sí i. Èmi tí mò ń ta páànù tí wọ́n fi ń bo ilé àwọn ọ̀gá ní Maitama, òjò ń kán sí mi létí bí mo bá sùn. Inú ń bí mi, mi ò sì fi pa mọ́. Mo pinnu pé màá ra ilé, orúkọ mi ni wọn yóò sì kọ sínú ìwé rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí fi ká mi lára. Ìyá mi kọ́ ilé kan nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó àlùbọ́sà tó ń tà ló fi kọ́ ọ, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i kú oríire, á ní, “Ilé bàbá wọn ni.” Ohun tí obìnrin tó ní ẹ̀kọ́ ilé máa ń sọ nìyẹn. Bó bá ra mọ́tò, ti bàbá wọn ni; bó bá ra ẹ̀rọ ìránṣọ, bàbá wọn ló rà á. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àbúrò rẹ̀ dé, wọ́n pín àwọn yàrá ilé náà láàárín ara wọn. Ìyá mi ní òun lòun kọ́ ọ. Wọ́n ní ẹnu ìyá mi fúnra rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ilé ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Yàrá kan nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ìyá mi kú sí.

Ilé tí mo rí wà ní Gárkì. Agbaṣẹ́ṣe kan tó máa ń ra síméǹtì lọ́wọ́ mi ló kọ́ ọ. Kì í ṣe Yorùbá, píjìn ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìjọba fún un ní ilẹ̀, ó kọ́ àwọn ilé kéékèèké sórí rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìjọba sì fún un láyè láti tà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Alásọdùn ni. Ó ní òkúta òkè Mpápè lòun fi ṣe ìpìlẹ̀; bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ óò rò pé òun ló fi eyín bu òkúta náà lórí òkè. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fi síméǹtì ṣeré, torí pé èmi ni mo tà á fún un. Ọ̀dà ara ògiri ò tíì gbẹ dáadáa nígbà tí mo wọ inú ẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìnkùlé. Mo ṣí i, omi yọ, mo sì mọ̀ pé mo ti rí ilé mi.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, “Owó rẹ ni, Ìyá Ìbejì. Orúkọ rẹ ni kí wọ́n kọ sí i.” Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, kì í mutí, kì í na èèyàn, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ó ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ pé a fẹ́ ra ilé, ló bá wọ mọ́tò láti ilé wá. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó gbé ìgò ṣìnáápù méjì àti obì wá fún àwọn onílẹ̀. Mo fọwọ́ pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé kò sí ọmọ onílẹ̀ ní Àbújá, pé ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀.

Ó ní, “Ìjọba kì í ṣe ẹbí. Ta ni olórí wọn?”

Mo ní, “Mínísítà ni, ẹ̀gbọ́n. Òun ló máa fọwọ́ sí i kí ilé tó di ti ẹni.”

“Ẹ mú mi lọ bá a. Ṣé òun kì í jẹ obì ni?”

Ó wọ agbádá lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ lọ kí Mínísítà. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jókòó. Kò kúkú gbé ṣìnáápù náà padà sílé. Ó ní ọtí ilẹ̀ kì í padà, òun nìkan ló sì mu ún lábẹ́ igi máńgòrò onílé wa, tó ń gbàdúrà sórí ilẹ̀ tí kò tíì fojú rí. Mo se ẹran fún un. Gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́dọ̀ wa, kò sígbà tí kò bèèrè ẹran.

Òun náà ló ní kí a lo lọ́yà yìí, nítorí pé ọmọ ìlú ni, pé òun mọ bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ lo ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní kí n má ṣe jẹ́ kó di ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbéra lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà.

Ìwé kún ibẹ̀ dé àjà, eruku sì bò wọ́n bákan náà, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń kà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga tìmùtìmù, ọkọ mi jókòó tì í, wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lọ́yà kí ẹ̀gbọ́n, ó kí bàbá ẹ̀gbọ́n tó ti kú, ó kí gbogbo àdúgbò wọn. Ìgbà tí kíkí tán, ó ṣàlàyé. Ó ní òun máa kọ́kọ́ lọ wo ìwé ní ọ́fíìsì ilẹ̀, bóyá orúkọ agbaṣẹ́ṣe ló wà lórí ilẹ̀ náà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà lòun máa kọ àgírímẹ́ǹtì, ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á á fọwọ́ sí i, ìwé náà á wá lọ sọ́dọ̀ Mínísítà fún àṣẹ, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí ó ṣe ń fẹ́ kó le létí wa. Ó ń fi gíláàsì ojú rẹ̀ gbá tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó wá fi Yorùbá bèèrè pé, “Ó dáa. Ta ló ń ra ilé yìí?”

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń ra ilé. Lọ́yà náà mọ̀ ọ́n, torí pé èmi ni mo mú owó iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú báàgì mi kí a tó jókòó. Wọ́n sì ń retí pé kí n fèsì bí ọmọ tí wọ́n bí ire. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Bàbá Ìbejì ni, sà. Àwọn ni wọ́n ń rà á. Èmi kàn ń tẹ̀ lé wọn ni.”

Ẹ̀gbọ́n ń mi orí pé ó dáa. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ìtumọ̀ ohun tí mo sọ: èmi ni mo ń sanwó, ṣùgbọ́n mo ní ọkọ, mo sì ní ẹ̀kọ́. Ó dá mi lójú pé ìyá lọ́yà náà ò ní ra abẹ́rẹ́ kó má sọ pé bàbá wọn ló rà á. Yorùbá ló fi bi mí léèrè, Òyìnbó ló fi gbọ́ èsì mi. Ó kọ nǹkan sílẹ̀ sórí pépà, mo sì rò pé iye yàrá ló ń kọ.

Nígbà tí àgírímẹ́ǹtì pé, a tún pé jọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ò tíì lọ sílé, ó ní òun ló máa ṣe ẹlẹ́rìí. Agbaṣẹ́ṣe wá, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú bàtà tí amọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́yà dìde dúró, ó ń fi gẹ̀ẹ́sì ka ìwé náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ sí ilé ìwé mọ́dà lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì níwọ̀n. Mo gbọ́ orúkọ agbaṣẹ́ṣe. Mo gbọ́ orúkọ ọkọ mi. Mo dúró kí n gbọ́ tèmi, ó ti dé ibi ẹ̀rọ omi àti ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Orúkọ mi dà?”

Ó wò mí lórí gíláàsì. “Orúkọ yín ní ibo, màdáámú?”

“Níbi ẹni tó ń ra ilé.”

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ọ̀gá ló ń rà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

Ẹ̀rù bà mí ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Ó dà bíi pé ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi nínú yàrá rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

Ó ní, “Òfin kì í gbọ́ ọ̀wọ̀, màdáámú. Ohun tí ẹnu bá sọ ni òfin ń gbọ́.”

Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ mi ní òfin! Ọkùnrin tí kì í pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ níwájú àwọn ọmọ, tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé, á ní òun ò mọ ohun tí ọ̀wọ̀ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n dá sí i. Ó ní, “Ìyàwó, kí ló wá dé tó ò ń lọ́ ọ̀rọ̀? Ṣebí ilé ọkọ náà ni ilé ìyàwó. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ ju yàrá tó kọjú sí títì yẹn lọ, kí n máa rí ibi sùn bí mo bá wá kí yín.” Ó ti mú yàrá. Ìwé ò tíì gbẹ, ó ti mú èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Mo yíjú sí ọkọ mi. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí a jọ sọ.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Lọ́yà, ṣé kò wá sí bí a ṣe lè…” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wúkọ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà sì padà sínú ọ̀nà ọ̀fun ọkọ mi, kò jáde mọ́.

Lọ́yà ní òun rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí a fọwọ́ sí i báyìí. Bí Mínísítà bá ti fún wa ní àṣẹ, ọkọ mi á wá fi ilé náà ta mí lọ́rẹ, òun á kọ ìwé mìíràn fún ìyẹn, ìwé náà á tún lọ sọ́dọ̀ Mínísítà. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, torí pé owó iṣẹ́ mìíràn ti yọ lójú rẹ̀. Kí ọkọ mi wá fi ilé mi ta mí lọ́rẹ! Bí ẹ̀gbọ́n bá sì tún wúkọ́ lọ́jọ́ tí ó yẹ kó fi ta mí lọ́rẹ ńkọ́?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbólóhùn náà ò gùn: èmi ni mo ń rà á. Ó wà ní ẹnu mi, mo mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́. Ẹ pè mí ní òmùgọ̀, mi ò ní jà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ mi pé ẹyin lohùn, pé obìnrin kì í dúró níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kó ní òun lòun ni nǹkan. Mo dìde dúró.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú agbaṣẹ́ṣe. Kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ ohun tó ń lọ, ó sì ní ibi tó ń lọ. Ó yíjú sí mi. “Madam, wetin dey happen? Na who dey buy this house?”

Mo ní, “Na me.”

Ó jáde wẹ́rẹ́. Mo tún sọ ọ́ sókè kí lọ́yà lè gbọ́. “Na me dey buy am. Na my money. Na my name una go write.”

Mo rò ó lẹ́yìn náà, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Kò sí ìkúnlẹ̀ nínú píjìn. Kò sí bàbá wọn níbẹ̀, kò sí àgbà, kò sí ìyàwó ilé. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ ni madam. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ta síméǹtì fún ọkùnrin yìí, mo ti ń sọ pé “na me get am” láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ sọ pé mi ò ní ẹ̀kọ́.

“I don hear,” ni agbaṣẹ́ṣe wí. “Lawyer, write madam.”

Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ píjìn. Aránṣọ ni nílé, kò gbé ibòmíràn rí. Ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó sì rí i pé mi ò kúnlẹ̀. Ó bi lọ́yà léèrè pé, “Kí ló wí?” Lọ́yà ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tó kà, kò lè túmọ̀ gbólóhùn mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Ìwọ ni mò ń bi. Kí ni ìyàwó rẹ wí?”

Ọkọ mi nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ó ní òun lòun ń ra ilé.”

“Ó ní kí ni?”

“Ó ní owó òun ni. Ó ní orúkọ òun ni kí wọ́n kọ.”

“Ìwọ náà wá ńkọ́? Kí ni ìwọ wí?”

Ọkọ mi yíjú sí mi. Bó ṣe wò mí nígbà yẹn, ó dà bíi pé ẹni tí kò rí rí ló ń wò. Ó ní, “Bó ṣe wí i náà ló rí, ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó gba gárééjì lọ. Kò dúró jẹun. Lọ́yà tún ìwé náà tẹ̀, ó gba owó pépà àti owó ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fọwọ́ sí i, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé obìnrin akíkanjú ni mí. Mínísítà fún wa láṣẹ nígbà tó yá, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, orúkọ mi sì wà níbẹ̀, wọn ò ṣì í kọ. Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé náà, mo dúró lójú títì, mo sunkún nítorí ìyá mi, ẹni tó ń kọjá sì bi mí bóyá ẹnìkan kú.

A kó wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò wá sùn níbẹ̀ rí. Mo gbọ́ pé ó ń sọ fún wọn nílé pé àbúrò òun ti di ayálégbé ìyàwó rẹ̀ ní Àbújá. Ó dùn mọ́ mi nínú, ẹran mi sì pọ̀ sí i nínú ìkòkò.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Mi ò lè sọ pé ó yí padà. Ó ń jẹun mi, ó ń mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ó ń sùn tì mí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Lánlédì níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n bi Lánlédì wò.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé àwàdà ni. Mo ní kó ṣe àwàdà rẹ̀, òun náà ti sanwó rẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, kò sí àlejò nílé, àwọn ọmọ ń ṣeré níta. Mò ń ṣa ìrẹsì ní pálọ̀. Ó jáde láti inú yàrá pẹ̀lú òòlù àti dígí kékeré tó fi ń fá irùngbọ̀n. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, èmi ni mo ń sọ “ẹ” fún un, òun ń sọ “o” fún mi, bó ṣe yẹ kó rí. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n kan ìṣó mọ́ ògiri yín?”

Mo wo ojú rẹ̀, mò ń wá ibi tí ẹ̀rín wà. Kò sí níbẹ̀. Ó dúró, ó ń retí èsì.

Mo ní kó kàn án.

Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.”